Ẹgbẹ́ Atukọ̀ Wa Ti Di Òtẹ́ẹ̀lì

Puerto Arrayán, Uruguay
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2003

Zulma ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú ilẹ̀ onílẹ̀. Ara mi le, àfi etí. Tọ̀tún ti lọ tán, tòsì ló ṣì ń janpata. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yé pe tẹlifóònù ilé Elbio mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ á sáré wá pè mí, èmi náà á sáré lọ, màá gbé e sétí, ohun tí mo sì máa ń gbọ́ kò ju bí ìgbà tí èèyàn ń dín ẹyin lọ. Màá kàn máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ iye nǹkan tí mo ti gbà sí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìwé ni kí o máa kọ. Kérésì ni mo ti rí ìwé rẹ gbẹ̀yìn, àjàrà ẹ̀yìnkùlé ti pọ́n, a ti ká a, a ti jẹ ẹ́ tán.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé lónìí ni pé wọ́n fẹ́ ta ẹgbẹ́ atukọ̀ wa. Lọ́yà Olivera, alága, ló kó ọkùnrin mẹ́ta wá láti Montevideo lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n ń fi okùn wọn ilé tí a ń kó ọkọ̀ ojú omi sí. Mo rò pé òrùlé ni wọ́n fẹ́ bá wa tún ṣe, mo tiẹ̀ po ewé máté sínú igbá, mo gbé e fún wọn mu. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá odò máa ń rùn nígbà ooru. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Elbio wá ṣàlàyé fún mi. Ilé ọkọ̀ yóò di òtẹ́ẹ̀lì, pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yóò di gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn yóò ti máa wá ṣe àpérò. Ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wá ṣe àpérò lé lórí ní Puerto Arrayán, n kò mọ̀ ọ́n. Bóyá ẹ̀fọn.

N kò ní purọ́ fún ọ, ó ti rẹ ẹgbẹ́ náà. Òrùlé ń jò, omi ìwẹ̀ kì í gbóná mọ́, ìdajì àwọn ọ̀dọ́ ti wà ní Sípéènì níbi tí o wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ kì í ṣe òkú. Láràárọ̀, ní aago mẹ́fà, mo ṣì ń ṣí géètì bí mo ṣe ń ṣí i láti ọdún méjìdínlógójì.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ni ìpàdé gbogboogbò. Ọdún tí o gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé, ìbò rẹ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wà lókèèrè lè fọwọ́ sí ìwé kí ẹlòmíràn bá a dìbò. Kọ orúkọ mi sí i, fọwọ́ sí i, kí o fi ránṣẹ́ kíákíá.

Ibojì ìyá rẹ mọ́ tónítóní. Mo tu koríko rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò sọ ọ́ láti fi bú ọ pé o kò wá sin ín. Mo sọ ọ́ nítorí pé mo tu ú ni.

Bàbá rẹ,
Wilmar Etchegaray


Palma de Mallorca
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, ọdún 2003

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni. Tí mo bá dé ilé, apá mi kì í fẹ́ di kálámù mú.

Ẹ ní ẹ kò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe àpérò lé lórí. Ẹ bi mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn oníṣègùn eyín ni. Ṣáájú wọn, àwọn tó ń ta táìlì. Irinwó àga ni èmi àti obìnrin méjì máa ń tò kí wọ́n tó jí. Ọ̀gá wa máa ń na okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé ìparí rẹ̀, àga tó bá yọrí síta, a ó tún ìlà náà tò. Nígbà tí wọ́n bá jáde lọ jẹun, a ó kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, a ó gbé tábìlì wọlé. Ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí bí ti ẹni àádọ́rin ọdún, mo ń sọ ọ́ fún ẹni tó ti pé àádọ́rin, ẹ dárí jì mí.

Òkun wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó lẹ́wà, gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odò máa ń lọ síbì kan, Bàbá. Òkun kàn wà níbẹ̀ ni.

Nípa ìwé ìdìbò, mo ti ka ohun tí ẹ wí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá tà á, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkọ̀? Ṣé wọ́n sọ pé àwọn yóò gba ọmọ ìlú síṣẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ bi wọ́n?

Mo fi àpò kékeré kan ránṣẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ níbí, ẹ fi ewé máté rán an sí mi, èyí tí wọ́n ń tà níbí dà bí eruku.

Ọmọ yín,
Zulma


Puerto Arrayán
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, ọdún 2003

Zulma,

Àpò rẹ dé, o ṣeun. Ìbọ̀sẹ̀ náà nípọn, òun ló wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ìwé ìdìbò kò sí níbẹ̀.

Mo ní kí o fọwọ́ sí ìwé, o wá ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé wọn yóò gba ọmọ ìlú síṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé kì í bi onílé tuntun bóyá ó ń wá agbálẹ̀.

Èmi àti Elbio ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. O mọ Elbio, láti ọdún 1958 ni mo ti ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nínú ọkọ̀, n kò rí i kó rìn tó báyìí rí. Orúnkún rẹ̀ wú. Ó ní a lè fi ìbò méjì mẹ́ta borí. Nítorí náà ni n kò fi fẹ́ kí ẹyọ kan sọ nù.

Olivera wá sílé lọ́jọ́rú, ó gbé àkàrà òyìnbó aládùn lọ́wọ́. Àga ìyá rẹ ló jókòó sí. Ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn igbá máté, n kò rí ètè rẹ̀ kà. Mo gbọ́ "Zulma". Mo gbọ́ "inú rẹ yóò dùn". Mo rò pé àlàáfíà rẹ ló ń béèrè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà dáadáa, ó ń kí gbogbo yín. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Fi ìwé náà ránṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Wilmar Etchegaray


Puerto Arrayán
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2003

Zulma,

Kò tíì dé. Bóyá ilé ìfìwéránṣẹ́ ló jẹ̀bi, mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ti ń mi orí sí mi kí n tó wọlé. Bí o kò bá tíì fi ránṣẹ́, ọ̀la ni kí o fi ránṣẹ́. Bí ara rẹ kò bá yá ni, sọ fún mi, mo lè gba èyíinì.

Bàbá rẹ


Puerto Arrayán
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2003

Zulma Etchegaray,

Mo kí ọ. N ó sọ bó ṣe lọ, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Inú ilé pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni a ti ṣe ìpàdé. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé korobá síbi mẹ́rin tí òrùlé ti ń jò. A ju ọgọ́fà lọ, àwọn tí n kò rí láti ọdún mẹ́wàá wá, wọ́n wọ aṣọ bí ẹni ń lọ síbi òkú. Nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti nawọ́ tán, akọ̀wé dìde láti ka ìwé àwọn tó wà lókèèrè. N kò wo ẹnu rẹ̀, omi tó ń kán sínú korobá ni mò ń wò. Elbio fọwọ́ kàn mí. Mo ní kí ló dé. Ó mú ìwé ètò ìpàdé, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: "Zulma. Ó ní kí wọ́n tà á. Olivera ló bá a dìbò."

Mo dìde. Mo ní, "Àṣìṣe ni. Ìwé ọmọ mi kò tíì dé, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀."

N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ lókè tó, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yíjú. Olivera fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá fún mi. N kò ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo wò. Mo rí Z tí o máa ń fi ìlà gé láàrin. Èmi ni mo kọ́ ọ ní lẹ́tà yẹn, lórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí.

Mo dá ìwé náà padà, mo sì jókòó. Elbio di apá mi mú títí ìpàdé fi parí, bí ẹni pé mo fẹ́ ṣubú.

Ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi borí. Ká ní ìwé rẹ wá sọ́dọ̀ mi, wọn ì bá fi mẹ́sàn-án borí. Kò ní yí ohunkóhun padà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. O tà mí, wọn kò sì nílò rẹ.

Ìbọ̀sẹ̀ wà nínú àpótí.

Má kọ̀wé sí mi títí n ó fi kọ̀wé sí ọ.

Wilmar Etchegaray


Palma de Mallorca
Ọjọ́ keje, oṣù Keje, ọdún 2003

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé. Mo ń kọ ọ́. Ẹ bá mi kà á tán, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín.

Lọ́yà Olivera pè mí ní oṣù Kejì, kí ìwé yín tó dé. Ó ní ẹgbẹ́ ti kú tán, pé àwọn èèyàn kan fẹ́ rà á, pé gbọ̀ngàn àpérò yóò wà níbẹ̀, wọn yóò sì nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ gbọ̀ngàn. Ó ní, "Zulma, ta ni a tún ní bí kò ṣe ìwọ? Wá sílé wá darí rẹ̀." Bàbá, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n wá sílé. Ó fi ìwé ránṣẹ́, mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ náà wà lórí ìwé, ẹ lè lọ wò ó: ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì. Ìwé tiyín dé ní ìparí oṣù Kẹta.

Mi ò ní fi ìyẹn bojú. Mo lè kọ̀wé sí akọ̀wé pé kí wọ́n fagi lé e. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ní, mi ò kọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la. Mi ò sì sọ fún yín, torí mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ ó bẹ̀ mí, màá sì gbà. Mi ò fẹ́ gbà. Mo fẹ́ wálé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú tán. Ẹgbẹ́ yẹn ti lọ kí Olivera tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù níbẹ̀. Fún ara yín lẹ ń ṣí géètì.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi náà, ẹ máa ń mẹ́nu bà á kí ẹ tó sọ pé ẹ kò fi bú mi. Mi ò ní ìwé ìgbélùú nígbà náà. Tí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, gbèsè ìrìnnà mi sì wà nílẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí òtẹ́ẹ̀lì sí ni mo jókòó sí ní wákàtí tí ẹ ń sin ín, mo ṣírò aago yín sí aago ibí kó má baà kọjá mi. Mi ò sọ ọ́ rí. Ẹ kò bi mí rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ èébú.

Zulma


Palma de Mallorca
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 2003

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún o. Mo retí ìwé yín ní oṣù Kẹsàn-án, mo retí rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ní báyìí, mo kàn máa ń wo àpótí ìwé bí mo bá ń kọjá ni, mi kì í dúró.

Lọ́yà Olivera kì í gbé tẹlifóònù mi mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tó gbé e, ó ní àwọn onílé tuntun ló kù tó ń pinnu. Mo ti mọ ohùn yẹn, ohùn ọ̀gá ni.

Mo pe ilé Bàbá Elbio. Wọ́n ní ẹ ń jẹun, ẹ ń rìn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Zulma


Palma de Mallorca
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2004

Bàbá mi,

Mo ti gba ìwé ìgbélùú. Mo lè jáde, mo sì lè wọlé báyìí, bó bá wù mí. Mo rò pé inú mi yóò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo gbà á, ẹgbẹ̀ta àga ni a tò. Àwọn tó ń ta oògùn ni.

Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.

Zulma


Puerto Arrayán
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, ọdún 2005

Zulma ọmọ mi,

Mo kí ọ. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń kí ọmọ tí òun kò kí fún ọdún méjì, nítorí náà fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ìwé rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dé. N kò ṣí wọn. Èyí àkọ́kọ́, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi há fèrèsé ilé ìdáná, nítorí afẹ́fẹ́ gúúsù máa ń mì í. Àwọn méjì yòókù wà lábẹ́ agolo ṣúgà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìjì jà, fèrèsé ṣí, mo bá àpò ìwé náà nílẹ̀, omi ti tú u. Mo fẹ́ dà á nù. Mo rí ibi tí o kọ ọ́ sí pé "kí ìwé yín tó dé". Mo tẹ́ ẹ sórí ààrò kó gbẹ, mo sì kà á. Mo ka àwọn tó kù. Nǹkan tí o ti ṣàlàyé fún mi ni mo fi ń dí fèrèsé, tí mo sì ń bínú sí ọ nítorí rẹ̀.

Mo lọ bá Olivera pé kó fi ìwé náà hàn mí. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì. O kò purọ́.

O ní fún ara mi ni mò ń ṣí géètì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo lọ la igi. Lẹ́yìn náà ni mo padà wá. Òótọ́ ni. Ọdún tó ṣáájú títà yẹn, láti ọjọ́ Àjíǹde títí dé àárín ìgbà òtútù, ẹnikẹ́ni kò gbé ọkọ̀ sómi. Màá ṣí géètì, màá gbálẹ̀, màá jókòó ti ìwé ìjáde ọkọ̀. Mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹnikẹ́ni kò jáde lónìí nítorí afẹ́fẹ́." Afẹ́fẹ́ kò sí. Ewé kan kò mì. Irọ́ ni mò ń pa fún ìwé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè pa á fún.

Àtẹ̀gùn ibi ìdọ̀tí tí o sọ, n kò tíì lè kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ti gbọ́. Ẹ̀bi tèmi ni pé n kò bi ọ́.

Wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà ní oṣù tó kọjá. Ó pẹ́ nítorí odò wọlé bá wọn nígbà ìrúwé, ó sì dùn mọ́ mi nínú díẹ̀. N kò gba òpópónà yẹn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìlẹ̀kùn tuntun, ẹ̀yìn ọsibítù ni mò ń gbà lọ ra búrẹ́dì. Àwọn ọkọ̀ tó dára, wọ́n tà wọ́n fún ẹgbẹ́ kan ní òdìkejì odò, ní Ajẹntínà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ àtijọ́ ni wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n so kọ́ sókè yàrá ìjẹun, tí wọ́n ki iná sínú rẹ̀. Elbio ní ó dà bí ẹja tó ń retí òróró.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ kóòtù tí mo fi sin ìyá rẹ, mo sì lọ síbẹ̀. Olivera ti sọ fún mi pé kò sí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun mọ́. Mo bá ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Ivonne Sapriza, òun ni alákòóso, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àwọn oníṣègùn màlúù ń ṣe àpérò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo rọra sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàbá Zulma Etchegaray ni mí. Ẹ ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọ mi, ó sì fọwọ́ síwèé nítorí rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló ti ń to àga fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fún un ní iṣẹ́ rẹ̀."

Ọmọ ọmọ Elbio ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló sọ fún mi nígbà tó yá pé n kò rọra sọ ọ́ rárá. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lórí àrùn ọmú màlúù dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú, àwọn kan tiẹ̀ dìde kí wọ́n lè rí mi. Èmi kò mọ̀. Ìlà àga wọn ni mò ń wò. Ó wọ́, Zulma, láti ìlà kẹta lọ sẹ́yìn.

Ìyáàfin náà mú mi lápá lọ sínú yàrá kékeré kan, ó fún mi ní omi. Ó rí i pé n kò gbọ́ ọ, ló bá fa ìwé yọ, ó ń kọ̀wé, èmi ń fi ẹnu dáhùn. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí Elbio, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rò ó pé kó kọ ọ́ fún mi. Ó kọ ọ́ pé òun kò gbọ́ nípa ìlérí kankan. Pé ẹnìkan ti wà lórí iṣẹ́ alákòóso gbọ̀ngàn, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Pé àyè kan ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ láàrin àwọn tó ń to gbọ̀ngàn. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Pé òun kò rò pé ẹni tó wà ní Sípéènì yóò fẹ́ ẹ.

Mo ní n ó bi ọ́. N kò dáhùn fún ọ. Àwọn èèyàn ti fi orúkọ rẹ dáhùn tó.

Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó fún mi ní káàdì kan, pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ lè lo èbúté láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀. N kò tíì lọ. Ó ti rẹ̀ mí, orúnkún Elbio náà kò sì jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ náà nìyẹn. Kò dára tó èyí tí wọ́n ṣèlérí. Rò ó.

Bàbá rẹ,
Wilmar


Palma de Mallorca
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà, ọdún 2005

Bàbá mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín. Nígbà tí mo dé ibi àwọn oníṣègùn màlúù, mo bú sẹ́rìn-ín, obìnrin tó jókòó tì mí bi mí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọkalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Ẹ ṣeun tí ẹ lọ. Mo mọ ohun tó ná yín láti wọ ilé yẹn. Ní ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ kò jẹ́ béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ẹ ní kí n rò ó, mo ti rò ó. Àga níbí, àga níbẹ̀, ẹ̀yìn kan náà ló ń gbé e. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo lè fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn wá fún iṣẹ́ yẹn. Ní báyìí mo ní yàrá tèmi, mo ní ìwé, wọ́n ti ń jẹ́ kí n di okùn tí wọ́n fi ń wo ìlà. Mo ti fẹ́ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Kò dùn, kò sì korò.

Nǹkan kan ló ń dí mi lọ́wọ́. Mo kó gbogbo ìwé tí ẹ ti kọ sí mi láti ọdún márùn-ún jọ, mo kà wọ́n lọ́jọ́ Àìkú kan. Ẹ sọ ti òrùlé. Ẹ sọ ti ibojì, ti orúnkún Bàbá Elbio, ti ìbò. Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ sọ ti iṣẹ́ àti ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ kò kọ ọ́ níbì kankan pé ẹ fẹ́ kí n wálé. Olivera sọ ọ́, ó sì jẹ́ irọ́. Ẹ̀yin kò sọ ọ́ rí.

Bóyá ẹ rò pé mo mọ̀. Mi ò mọ̀, Bàbá.

Iṣẹ́ àga kò lè gbé mi kọjá òkun. Tí ẹ bá fẹ́ kí n wá, ẹ kọ ọ́. Ìlà kan tó. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, mi ò ní bínú, a ó máa kọ̀wé sí ara wa, ẹ ó sì máa ṣí wọn.

Ọmọ yín,
Zulma


Puerto Arrayán
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, ọdún 2005

Zulma ọmọ mi,

Mo ti ya ìwé mẹ́ta kí n tó dé orí èyí. Nínú àkọ́kọ́, mo sọ ti odò. Nínú èkejì, mo sọ ti ìyáàfin Sapriza. Elbio ka ẹ̀kẹta, ó ní, "Wilmar, kì í ṣe nǹkan tó bi ọ́ nìyí." Nítorí náà mo lé e lọ sílé kí n lè kọ eléyìí fúnra mi.

Mo fẹ́ kí o wá. Mo fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí mo sìn ọ́ dé ibùdókọ̀, tí mo sọ pé kí o máa lọ, pé ibí kò ní nǹkan kan fún ọ mọ́. Mo rò pé bí bàbá rere ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, n kò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà, mo wá ń kọ ti òrùlé.

Bí o bá fẹ́ iṣẹ́ àga, ṣe é. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, jókòó sílé, a ó máa jẹ ohun tó bá wà. Bí o bá wá, tí o wò ó, tí o sì padà sí Palma, n ó sìn ọ́ dé ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n n kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ẹni tí mo ń bínú sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi ni. Ìwọ lo kàn wà níbi tí ìwé lè dé.

Mo ti kó irinṣẹ́ kúrò ní yàrá rẹ. Mo fọ fèrèsé rẹ̀, mo fi gíláàsì tuntun sí i. Bí o bá ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ, kó aṣọ òtútù dání. Ooru ló wà níbẹ̀ báyìí, o lè ti gbàgbé bí ibí ṣe ń tutù tó.

Bàbá rẹ